Ìjókòó Tó Kọjú sí Ògiri

Williamsbridge, Bronx.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Òkúdù, 2026.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Mo lérò pé orúnkún yín ti fúyẹ́ díẹ̀, pé ẹ ń rí oorun sùn, àti pé àtẹ̀gùn ilé yín ní Flatbush kò yọ yín lẹ́nu jù. Ara èmi le. Mo kọ lẹ́tà nítorí pé ẹ kì í gbé fóònù mọ́, ẹ̀yin náà lẹ sì máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ gidi, orí ìwé ló yẹ kó wà.

Ẹ jẹ́ kí n to àṣìṣe inú ọgbà Màmi lẹ́sẹẹsẹ, kí n sì sọ ẹni tó mọ̀. Àkọ́kọ́, mo ní kí ìjókòó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa wo ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀yin mọ̀ pé kò ní dára. Èkejì, mo gbé pátákó "Ẹ Dákẹ́" kọ́ lédè méjì. Brian tó ń bá wa da kọnkéré mọ̀ pé iṣẹ́ lásán ni, ó kàn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀kẹta, ẹ fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kan, mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká tẹ̀síwájú, àkókò ń lọ." Ìyẹn, èmi nìkan ló mọ̀ ọ́n, ó sì ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí ẹ kò ti dé ibí mọ́. Nílé ẹ̀kọ́ tí mo ti kọ́ nípa okòwò, wọ́n ní ká kọ́kọ́ bèèrè ohun tí àwọn èèyàn ń fẹ́. Mo bèèrè lọ́wọ́ gbogbo ìjọ. N kò bèèrè lọ́wọ́ yín.

Màmi ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ọgbà yìí. Ọdún méjìlélógún ló fi tọ́jú àwọn arúgbó kiri ìlú yìí, tí wọ́n ń pè é láti yàrá dé yàrá. Ó máa ń sọ pé, "Oyíndà, n kò tíì rí ibi kan ní Niú Yọ́ọ̀kì tí mo lè jókòó sí, kí ẹnikẹ́ni má nílò mi." Nígbà tí ìjọ fi ilẹ̀ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, àìsàn ti dé bá a. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fi igi kedari kan ìjókòó. Ẹ kan ìkẹrin kó kúrú ju ìyókù lọ, torí ẹsẹ̀ Màmi kì í kan ilẹ̀ nínú tréènì, kì í sì í kan ilẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ ní ó gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀ níbì kan. Inú oṣù Ẹrẹ́nà ni Màmi lọ, kí ẹ tó dán igi náà tán.

Ní Sátidé tí a ṣí ọgbà, ẹ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó kékeré yẹn. Mo wo aago. Láàárín ogójì ìṣẹ́jú, èèyàn mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló kí yín. Ẹni tó bá ti wọlé, ojú yín ló máa kọ́kọ́ rí, ọmọ Yorùbá wo ló sì máa rí ojú àgbàlagbà tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, tó máa kọjá lọ? "Ẹ kú ìrọ́jú, sà." "Ọlọ́run á tù yín nínú, sà." Ẹ ń ṣí fìlà, ẹ ń dé fìlà. Ìyá Bánkẹ́, olórí ẹgbẹ́ ìyá, ka pátákó mi sókè ketekete, ó wá sún mọ́ yín, ó ní, "Bàbá Oyíndà, mo ti rí i pé ká dákẹ́. Ẹ kú ìdákẹ́ o." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ẹ dìde, ẹ wọ tréènì nọ́ńbà 2 lọ sílé, ẹ kò sì padà wá.

Ariwo tréènì lókè White Plains Road ni mo dá lẹ́bi. Mo ṣe ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ni mo fi gbin ọparun sí ẹ̀gbẹ́ odi, tí mo sì mú kí omi máa ṣàn sínú àwo òkúta. Ó lẹ́wà. Kò yanjú nǹkan kan. Ìkíni ṣì ń lọ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́.

Ní Tọ́sìdé tó kọjá, mo débẹ̀ ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Kùrukùru bo gbogbo ilẹ̀, n kò rí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì, àfi ewé ọparun tí omi ń kán lára wọn. Ó rẹ̀ mí. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó kékeré, mo kọjú sí ògiri bíríkì, mo kẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà. Tréènì kọjá, ohùn rẹ̀ wọ inú kùrukùru, ó wá dà bí ìgbà tí ẹnìkan ń wọ́ aṣọ gígùn nílẹ̀ ní yàrá òkè. N kò mọ̀ bóyá mo sùn. Mo ṣáà gbọ́ tí ẹnìkan ń kọrin jẹ́jẹ́ sínú, bí Màmi ṣe máa ń ṣe tó bá ń ká aṣọ, tí kì í parí orin kankan. Òórùn kedari gba afẹ́fẹ́. Ó dà bíi pé ẹsẹ̀ méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tí wọ́n kan ilẹ̀ dáadáa. N kò yíjú.

Nígbà tí kùrukùru ká, Ìyá Bánkẹ́ ni mo rí lórí ìjókòó ẹ̀yìn mi. Ó ti tó ogún ìṣẹ́jú tó ti wọlé. Ìyá Bánkẹ́ kan náà tó máa ń kí ajá. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ má bínú, mà. Ẹ kò pè mí kí n kí yín?" Ó ní, "Ta ló ń pe ẹni tó kọjú sí ògiri? Mo rò pé àdúrà lò ń gbà. Èmi náà bá dákẹ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti dákẹ́ tó báyìí, ọmọ mi." Mo bi í bóyá òun ló ń kọrin. Ó ní òun kò la ẹnu rárá.

Mo sáré lọ sílé, mo tú àwòrán ọgbà tí mo yà sórí ìwé jáde. Lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ yẹn, ẹ ti fi pẹ́ńsù yí àwọn ìjókòó padà sí ògiri. Mo pa á rẹ́ nígbà náà, n kò tilẹ̀ bèèrè ìdí, ṣùgbọ́n ojú pẹ́ńsù ṣì hàn. Ẹ dárí jì mí. Mẹ́ta lẹ yí. Ẹ kò fi àmì kankan sí ìkẹrin, ti Màmi.

Nítorí náà, ohun tí mo ń fẹ́ rèé. Láago méje àárọ̀ Mọ́ńdè, ọjọ́ kejìlélógún, Brian máa da kọnkéré sí ẹsẹ̀ àwọn ìjókòó, kò sì ní ṣeé yí mọ́. Mo ti yí mẹ́ta bí ẹ ṣe yà á. Ìkẹrin, n kò ní fọwọ́ kàn án, n kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ẹ wá ní Sátidé, ogúnjọ́ oṣù yìí, kí aago mẹ́jọ àárọ̀ tó lù. Ẹ wọ nọ́ńbà 2, ẹ má pààrọ̀ ọkọ̀, Gun Hill Road ni kí ẹ ti sọ̀. Ẹ mọ̀ pé n kì í sún ọjọ́ síwájú.

Ọlọ́run yóò dá yín sí fún mi. Ẹ kò ní fẹsẹ̀ kọ lọ́nà, ọwọ́ tí ẹ fi kan igi yẹn kò ní rọ, ẹ ó sì rí ibi tí ọkàn yín máa balẹ̀ sí.

Èmi ni ọmọ yín tí kò tètè gbọ́ràn,
Oyíndà.

Àfikún: Ìkíni Sátidé ni mo ti kí yín lókè lẹ́tà yìí, ẹ gbà á níbẹ̀. Nígbà tí ẹ bá wọlé, èmi á ti kọjú sí ògiri. N kò ní dìde, n kò ní kúnlẹ̀, ẹ má sì pè mí. Ẹ gbé ìjókòó Màmi síbi tó bá wù yín, kí ẹ jókòó.