Àríkẹ́, Ọ́kíìdì Rẹ Ti Tanná

Àríkẹ́ mi, ọdún kẹta ikú rẹ pé lónìí. Ọdún mẹ́ta tí mo ti ń sọ̀rọ̀ nínú ilé yìí láìsí ẹni tí yóò dá mi lóhùn! Èmi Morákinyọ̀, tí gbogbo àdúgbò wa ní Sùúrùlérè mọ̀ pé ẹnu mi ò ní ìdérí. Mo ń jà, mo ń pariwo, ògiri ló ń gbọ́. Nígbà tí o wà, bí mo bá pariwo títí, wàá ní, “Bàbá Ayọ̀, ṣé ó ti parí? Ẹ wá jẹun.” Ta ló kù tí yóò bi mí bóyá ó ti parí? Kò tíì parí o. Láti ọjọ́ tí o ti lọ, kò tíì parí.

Ayọ̀miídé ọmọ rẹ ti jáde ilé ìwé. Àbújá ló ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, ojú rẹ gan-an ló ń gbé kiri níbẹ̀. Mo ti parí bálíkónì tí o fẹ́. Mo kan irin sí i, mo ta nẹ́ẹ̀tì dúdú bò ó kí oòrùn má baà jó ewé, bí o ṣe wí. Ṣọ́ọ̀bù mi ṣì ń lọ, fíríìjì tí mò ń bá àwọn èèyàn tún ṣe kún ibẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi níṣẹ́ yẹn, èmi ni mo kọ́ ara mi, kò sì sẹ́ni tí mo bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀bù, tí mo wá fi kọ́kọ́rọ́ sí ẹnu ọ̀nà ilé wa yìí, ẹ̀rù máa ń bà mí.

O rántí bí o ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbin òdòdó ọ́kíìdì? Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ ń lọ ra ẹja l'Ọ́yìngbò, ìwọ ń lọ ṣa èèpo igi níbi tí wọ́n ti ń la pákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Makoko! O ní ọ́kíìdì kì í jẹ iyẹ̀pẹ̀. Èèpo igi, èédú àti èèpo àgbọn, nínú ike ọ̀dà tí o dá ihò sí nídìí. O se èèpo náà nínú ìkòkò ńlá kí kòkòrò inú rẹ̀ lè kú, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé. Ni Bàbá Mùíz ẹ̀yìnkùlé bá gbé kọ́ọ̀bù dé, ó ní kí Ìyá Ayọ̀ jọ̀ọ́ bu àgbo ibà fún òun! O rẹ́rìn-ín títí o fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ̀rín yẹn, Àríkẹ́. Ibo ni mo ti fẹ́ rí i?

Òfin kan ṣoṣo lo ṣe: èyí tó bá tanná kò gbọdọ̀ jókòó sílé wa. Ẹni tó bímọ, ẹni tó ń ṣàìsàn, ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, ọ̀dọ̀ wọn lo máa ń gbé e lọ kí wọ́n fi ṣe pálọ̀ lọ́ṣọ̀ọ́, ó di ìgbà tí òdòdó bá rẹ̀ tán kí wọ́n tó gbé ike padà. Mo bá ọ jà! Mo ní àwa la ń bomi rin ín, àwọn ẹlòmíì ló ń wò ó, pálọ̀ tiwa wá dà bí oko ẹ̀fọ́, ewé lásán. O ní, “Bàbá Ayọ̀, òdòdó téèyàn ń dá nìkan wò, kí ló fi yàtọ̀ sí òdòdó rọ́bà?”

Nígbà tí o lọ, wọ́n dá àwọn ike padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó gbé e wá á jókòó díẹ̀, á sunkún díẹ̀, á lọ. Nígbà tí èyí tó kẹ́yìn wọlé, kò sẹ́ni tó kan ilẹ̀kùn wa mọ́. Áà! Àṣé òdòdó yẹn ló ń mú èèyàn wá! Èmi tí mo ti bá ìdajì àdúgbò jà, torí ike ọ̀dà nìkan ni wọ́n ṣe ń wá sọ́dọ̀ mi.

Èyí elésè àlùkò, àkọ́gbìn rẹ, rudi lọ́dún tí o lọ. Èéfín jẹnẹrétọ̀ Mabel ìsàlẹ̀ fẹ́ wọ bálíkónì, gbogbo ìrudi náà já sílẹ̀ láìtíì là. Mo sọ̀kalẹ̀ lọ bá a. Ohun tí mo sọ, mi ò ní kọ ọ́ sínú ìkéde ìrántí yìí, àwọn ọmọdé yóò kà á. Òun náà fún mi ní tèmi. Ó ní jẹnẹrétọ̀ òun kọ́ ló pa Ìyá Ayọ̀. Láti ọjọ́ náà, a ò kí ara wa mọ́.

Lọ́dún yìí, ó tún rudi. Iná lọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo dúró sí bálíkónì, mo ti ń pọ́n ẹnu mi bí ẹni pọ́n àdá. Èéfín ò dé. Mo yọjú wo ìsàlẹ̀: Mabel ti wọ́ jẹnẹrétọ̀ lọ sí ẹ̀yìn fẹ́ǹsì, lódìkejì pátápátá. Kò sọ fún mi, kò ránṣẹ́. Ó ti rí ìrudi yẹn láti ìsàlẹ̀ ni.

Ó tanná, Àríkẹ́! Ó tanná! Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán rẹ ní pálọ̀. Mo ní èyí ò ní jáde, ibí ni yóò wà di ọjọ́ ọdún rẹ, ẹ̀tọ́ mi ni. Mo jókòó tì í, mò ń wò ó. Nígbà tó yá, mo rí i pé mi ò wo òdòdó mọ́. Ilẹ̀kùn ni mò ń wò.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n gbé Beulah ọmọ Mabel dé láti ilé ìwòsàn Ìdí-Àràbà, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Mo mọ òfin rẹ. Mo bínú sí ọ! Òdòdó kan ṣoṣo tó là láti ọjọ́ tí o ti lọ! Lánàá, mo gbé e, mo sọ̀kalẹ̀. Mi ò tọrọ àforíjì o. Ẹ̀yin ará àdúgbò tí ẹ ń kà á, ẹ má purọ́ mọ́ mi. Mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ náà. Mabel wò mí, ó wo òdòdó. Ó ní, “Bàbá Ayọ̀, ẹ̀ẹ̀melòó ni mo máa bomi rin ín lọ́sẹ̀?” Mo ní ẹ̀ẹ̀kan péré, bó bá sì pa á, yóò gbọ́ orúkọ tí bàbá rẹ̀ ò sọ ọ́. Ó bú sẹ́rìn-ín. “Ẹnu yín ò tíì kú!”

Mo sáré gòkè láti wá sọ fún ọ. Mo ti dé àárín àtẹ̀gùn kí n tó rántí.

Nítorí náà, lónìí tí ọdún rẹ pé, kò sí òdòdó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán rẹ. Tábìlì ṣófo, má bínú. Bó bá rẹ̀ tán, Mabel yóò gbé ike padà wá, yóò kan ilẹ̀kùn, yóò jókòó díẹ̀. Gbogbo ohun tí o yá àwọn èèyàn ló ń padà wálé, Àríkẹ́. Ìwọ nìkan ni wọn ò tíì dá padà fún mi.

Ayọ̀miídé ń ṣàárò rẹ. Èmi ń ṣàárò rẹ ju bí ẹnu mi yìí ṣe lè sọ lọ, o sì mọ ẹnu mi. Bí o bá sì tún fẹ́ bi mí bóyá ìfẹ́ rẹ ti parí lọ́kàn mi: kò tíì parí. Ṣé o gbọ́? Kò tíì parí.

Morákinyọ̀ ọkọ rẹ, àti Ayọ̀miídé ọmọ rẹ.