Ebè Kọ́ Ni Mo Ní Kí Ẹ Fi Dán Wọn Wò

Bìní, 1991

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ oko. Jímọ̀, ọmọṣẹ́ mi, ló ń bá mi kọ ohun tí mò ń sọ yìí, mo sì ti kìlọ̀ fún un kó má yọ ìbínú mi kúrò nínú rẹ̀.

Mo ní kí ẹ bá mi gba ẹnì kan sí Ìdóàní, tí yóò máa gbọ́ ẹjọ́ àwọn tó ra ẹ̀rọ gàrí lọ́wọ́ mi, tí yóò sì máa rán awakọ̀ sí mi bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́. Kí ló dé tí ẹ gbé ọkọ́ lé àwọn tó wá wáṣẹ́ náà lọ́wọ́ pé kí wọ́n kọ ebè? Ẹ lé Kúbúrá, tó mọ bí a ti í pẹ̀tù sí onínú fùfù, nítorí pé ebè rẹ̀ wọ́! Boniface lẹ gbà. Lóòótọ́, ebè rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n nígbà tí obìnrin kan wá láti Upenmen pé ẹ̀rọ òun kò yí mọ́, ó ní, "Ṣé èmi ni mo ṣe é?" Obìnrin náà ti kó owó rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Bàbá, ṣé a fẹ́ gbin àwọn oníbàárà ni?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe Kúbúrá padà. Ẹ ní kí n wálé wá yan ẹni tó wù mí, ààyè ni kò tíì yọ. Ara mi le. Àwọn ọmọṣẹ́ ló ń ṣe ẹ̀rọ báyìí, èmi ń jókòó wò wọ́n bí ọ̀gá.

Ẹ bá mi kí Ìyá. Ẹ ní mò ń jẹun yó. Bí wọ́n bá gbọ́ pé ọwọ́ òsì ni mo fi ń jẹ ẹ́, kí wọ́n má bínú, kì í ṣe àfojúdi.

Ọmọ yín,
Olúgbádé