Aago Alákùkọ Tó Ń Fà Sẹ́yìn

Àgbàlá Káfíńtà,
Ẹ̀yìn Ilé Ìfìwéránṣẹ́.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹrin.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Ẹlẹ́rìn-ín mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Ọmọ tuntun ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí ìyá rẹ̀ fojú kan oorun? Bàbá rẹ̀ ńkọ́? Màmá yín ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti ń fúyẹ́? Èmi náà wà, mo wà débi pé mo ti ń sanra. Ọ̀rẹ́ mi, ìgbéyàwó dùn! Ọkọ mi ń kan àga fún mi lójoojúmọ́ bí ẹni pé ìdí mẹ́wàá ni mo ní.

Mo mọ̀ pé o ti ń retí kí n dúpẹ́ ẹ̀bùn tí o fi ránṣẹ́ nígbà tí ìkúnlẹ̀ abiyamọ kò jẹ́ kí o lè wá síbi ìgbéyàwó wa. Mo fẹ́ dúpẹ́, ṣùgbọ́n ọpẹ́ náà ti di ìtàn. Gbé ọmọ sẹ́yìn kí o jókòó.

Aago ògiri mẹ́fà ni àwọn èèyàn fi ta wá lọ́rẹ. Mẹ́fà! Bí ẹni pé wọ́n gbọ́ pé a kì í tètè jí. Tìrẹ nìkan ni àkùkọ wà nínú rẹ̀ tó ń kọ bí wákàtí bá pé. Kí o má bínú o, ẹni tó tà á fún ọ fi ẹnu dídùn tàn ọ́ ni, aago náà ń fà sẹ́yìn. Àwọn yòókù á ti délé, tìrẹ á ṣì wà lọ́nà. Ọkọ mi ní ká yọ bátìrì rẹ̀ jàre. Mo ní láéláé, ọ̀rẹ́ mi ló fún mi, bó bá ń fà sẹ́yìn, kó máa fà.

O rántí àbúrò ọkọ mi obìnrin, èyí tí mo sọ ní Akọ̀wé nítorí pé ìwé kì í bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Òun ló gbé gbogbo aago náà kọ́ sí yàrá wa. Bí mo bá ti ṣíjú báyìí, ó ti gbé èyí sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó ti gbé tọ̀hún sẹ́nu ọ̀nà. Mo rò pé ó ń ṣe yàrá lọ́ṣọ̀ọ́ fún ìyàwó ni.

Akọ̀wé fẹ́ kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní yunifásítì òkè òkun, ọ̀kan nínú àwọn tí kì í gba èèyàn bọ̀rọ̀. Tíṣà rẹ̀ pe gbogbo wa jókòó. Ó ní nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tó bá kan ilẹ̀kùn irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, bóyá márùn-ún ni wọ́n máa ṣí i fún. Ẹni tó bá wá ti orílẹ̀-èdè mìíràn wá, tó sì tún fẹ́ kí wọ́n bá òun sanwó, ọ̀nà tirẹ̀ tún fún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní kí ó kọ̀wé sí àwọn tí kò le tó bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, kó má fi ẹsẹ̀ méjèèjì dán odò wò. Màmá, ìyá ọkọ mi, ní, "Tíṣà, àwọn márùn-ún náà, ṣé èèyàn kọ́ ló bí wọn ni?"

Ilé ẹ̀kọ́ méjì ti sọ pé rárá. Màmá kò béèrè èsì mọ́. Àfi bí èyí tó le jù ṣe kọ̀wé pé àwọn fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, aago mẹ́wàá òwúrọ̀.

Yàrá tiwa nìkan ni ariwo kì í pọ̀ sí nínú ilé, ibẹ̀ la gbé kọ̀ǹpútà sí. Ọkọ mi pa ẹ̀rọ ìlagi, ó ní kí àwọn oníbàárà padà wá lọ́sàn-án. Akọ̀wé wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó ń ka ìdáhùn tó ti há sórí. Mo yọ bátìrì gbogbo aago, pàápàá tìrẹ, kí àkùkọ má baà kó bá wa. Kọ̀ǹpútà fi aago mẹ́wàá hàn, a ò rí nǹkan kan. Ó di mọ́kànlá, kò sí ẹni tó pè. Màmá ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wúkọ́ tí kò ṣe wọ́n. Nígbà tó yá, Akọ̀wé bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó wọ aṣọ ilé, ó dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì mi, ó kọjú sógiri. Mo gbọ́ tí ọkọ mi tan ẹ̀rọ ìlagi padà.

Mo kàn ní kó bá mi fi bátìrì àwọn aago padà. Ó dìde, ó mú tìrẹ lọ́wọ́, ó ní, "Ìyàwó mi, aago mélòó ni kí n yí i sí?"

Mo ní, "Aago tiwa ni, àbí ti ta la tún fẹ́ lò?"

Ọ̀rẹ́ mi, ọmọ yìí ya ẹnu, kò pa á dé. Ó ní, "Aago tiwọn ni! Aago mẹ́wàá tiwọn ni wọ́n kọ! Ilẹ̀ ò tíì mọ́ lọ́dọ̀ wọn!" Ìgbà tó ṣírò rẹ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tiwa ni. Aago mẹ́fà lára ògiri, kò sí ẹni tó mọ aago tó lù nínú ilé!

Akọ̀wé wọ ṣẹ́ẹ̀tì padà, ọkọ mi tún pa ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ayọ̀ ò jẹ́ ká rántí yọ bátìrì tó ti fi padà mọ́. Mo ń ká aṣọ lọ́wọ́ nígbà tí kọ̀ǹpútà dún. Bí mo bá jáde, wọ́n á rí mi, ni mo bá ká gúlútú sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìyá àgbà kan tó wọ gíláàsì lójú ló ń sọ̀rọ̀. Ó bi í pé kí ló dé tó fi yan ilé ẹ̀kọ́ àwọn. Akọ̀wé yanu, gbogbo ohun tó há sórí ti sá lọ.

Kùkúrùúkùúùù! Àkùkọ rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé aago mẹ́rin.

Ìyá náà ta gìrì, ó ní ṣé àkùkọ wà nínú yàrá ni? Akọ̀wé bú sẹ́rìn-ín, ó ní aago ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun ni, ó máa ń pẹ́ lẹ́yìn. Ìyá náà ní kí ló ń mú un pẹ́? Háà! Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé ọmọ yìí kì í ṣe yàrá mi lọ́ṣọ̀ọ́. Ó ní òun rò pé oòrùn ojú fèrèsé ni, òun gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó ṣì ń pẹ́. Òun pààrọ̀ bátìrì rẹ̀ pẹ̀lú ti aago mìíràn, aago alákùkọ yìí nìkan ló ṣì ń pẹ́. Òun wá tú u, òun já okùn àkùkọ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, aago bá ń lọ geere. Àkùkọ ló ń jẹ agbára bátìrì mọ́ ọwọ́ aago lẹ́nu! Èmi tí mo rò pé ọ̀fun ló ń dun àkùkọ ní ọjọ́ tí kò kọ!

Ìyá náà ní, "Kí ló dé tí o kò fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?"

Ó ní, "Ìyàwó wa fẹ́ràn ohùn rẹ̀."

Omi bọ́ lójú mi níbi tí mo ká sí. Wọ́n sọ̀rọ̀ pẹ́, ẹ̀rín lórí ẹ̀rín. Nígbà tí wọ́n parí, ẹsẹ̀ mi ti kú tipiri, ọkọ mi ló wá gbé mi dìde.

Àná ni èsì dé. Wọ́n gbà á! Owó ilé ẹ̀kọ́, ibùgbé, oúnjẹ, àwọn ni wọ́n máa san án. Màmá jó nínú èérún igi títí gèlè fi já bọ́. Tíṣà ní ó ku ìwé àṣẹ ìrìnnà tí wọ́n ń pè ní físà, pé ilẹ̀kùn mìíràn nìyẹn. Màmá ní kí ó máa kàn án lọ.

Ohun tí mo tìtorí rẹ̀ kọ̀wé nìyí. Mo bi Akọ̀wé pé kí ló fẹ́ mú lọ nínú ẹrù ìyàwó mi. Aago rẹ ló nawọ́ sí. Mo ní èyí tó ń pẹ́ yẹn? Ó ní òun á fi í sí aago ilé, òun ò ní yí i sí tiwọn, kí òun lè máa mọ ohun tí a ń ṣe bí àkùkọ bá ti kọ. Mo ní bó bá wá fà sẹ́yìn ńkọ́?

Ó ní, "Màá pè yín, màá béèrè aago tó lù."

A kì í fi ẹ̀bùn ọ̀rẹ́ ta ẹlòmíràn lọ́rẹ láìsọ fún un. Jọ̀wọ́, gbà fún mi kí ó máa gbé e lọ.

Bá mi fi ẹnu ko ọmọ lẹ́rẹ̀kẹ́, kí o sì bá mi kúnlẹ̀ kí Màmá yín. Ọkọ mi ní àga ọmọ ń bọ̀.

Èmi ni, tìrẹ láti orí bẹ́ǹṣì ilé ìwé títí di òní,

Ẹnu-ò-sinmi, ìyàwó Káfíńtà.