Àmì Pupa Tí Wọ́n Lẹ̀ Mọ́ Ẹ̀gbẹ́ Àwòrán Mi

Àbígbẹ̀yìn mi,

Ohun tí kò jẹ́ kí n rí oorun sùn lọ́sẹ̀ yìí nìwọ̀nyí: ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tó ń dún bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti fi epo sí i, ìdúró tí wọ́n ń mú yín dúró níbi iṣẹ́ láràárọ̀, pẹ́pẹ́yẹ tí ò ń bá sọ̀rọ̀, èédú tó ń wọ̀ ọ́ nímú, àti àmì pupa tí mo rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán mi, èyí tó ju gbogbo wọn lọ. Mo mọ̀ pé ìkíni ló yẹ kó ṣáájú, ẹ̀rù ló sáré ya á sílẹ̀. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Ọlọ́run tó mọ ọ̀nà tí ò ń gbà lọ síbi iṣẹ́ á máa bá ọ lọ, á máa bá ọ bọ̀, kò ní fi ọ́ sílẹ̀ ní ìkóríta kankan. Ìyá rẹ kí ọ. Ara rẹ̀ le ju tèmi lọ, torí kì í ro nǹkan kan, ó kàn ń sùn ni, bí ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ oorun.

Ilé dára. Ẹ̀rọ omi ti ń fa omi padà. Ẹ̀gbọ́n rẹ ọkùnrin wá lọ́jọ́ Àìkú, ó bá wa pààrọ̀ gílóòbù, ó ní kí n má dààmú mọ́. Mo dá a lóhùn pé ẹni tó bímọ mẹ́rin tí kò dààmú, àfi kó jẹ́ pé ó ti gbàgbé iye tó bí. Ó ní ṣé kò ní sàn kí n fi fóònù bá ọ sọ̀rọ̀ dípò lẹ́tà. Mi ò fẹ́ fóònù fún ọ̀rọ̀ tó bá gùn, torí ó lè já láàárín gbólóhùn, kí o wá máa rò títí ilẹ̀ á fi ṣú pé nǹkan ti ṣe mí. Lẹ́tà kì í já.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí ìdúró. Lọ́jọ́ tí o pè wá, o sọ ọ́ bí ẹni pé kò tó nǹkan, pé tó bá ti di aago mẹ́sàn-án àárọ̀, gbogbo yín á dìde dúró yí ká, olúkúlùkù á sọ ohun tó ṣe lánàá, ohun tó fẹ́ ṣe lónìí, àti ohun tó ń dí i lọ́wọ́. Mo ka ilé ìwé girama, mo mọ irú ìdúró bẹ́ẹ̀. Àwa tí a bá pẹ́ dé la máa ń dúró bẹ́ẹ̀, tí ọ̀gá á máa bi wá léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan. Mi ò bi ọ́ lórí fóònù, torí mi ò fẹ́ kí ọ̀gá tìrẹ náà gbọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ti ń kọ iṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà láti ọdún méje, tí kọ̀ǹpútà gan-an ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu, kí ló dé tí wọn ò lè fún un ní àga? Mo rò ó títí, mo gba ọ̀dọ̀ kápẹ́ńtà lọ, mo ní kó kan àga kékeré kan fún ọ, èyí tó ṣeé ká pọ̀ sínú báàgì. Tí wọ́n bá ti ní kí ẹ dìde, ìwọ rọra tú tìrẹ, kí o jókòó sẹ́yìn ẹni tó bá ga.

Ti pẹ́pẹ́yẹ, ìyá rẹ ti gba ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ mi. O ní pẹ́pẹ́yẹ oníke kan wà lórí tábìlì rẹ, aláwọ̀ yẹ́lò, òun lo máa ń ṣàlàyé iṣẹ́ fún bí iṣẹ́ bá ti ta kókó, ìlà kan tẹ̀lé ìlà kan, títí wàá fi rí ibi tí àṣìṣe wà. Mo bi ọ́ pé ṣé kò sí èèyàn níbẹ̀ ni. O ní èèyàn mẹ́fà ló wà nínú yàrá náà, àmọ́ gbogbo wọn ti fi nǹkan dí etí. Ìyẹn bà mí nínú jẹ́. Èèyàn mẹ́fà nínú yàrá kan ṣoṣo, tí wọn ò fẹ́ gbọ́ ohùn ara wọn! Ìjà ńlá nìyẹn, mo sì ń gbàdúrà pé kẹ́ni tó ṣẹ ẹnì kejì tọrọ àforíjì. Mo ní kí ìyá rẹ bá mi wò ó, ọmọ tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ń bá pẹ́pẹ́yẹ sọ̀rọ̀. Ó bi mí pé ta ni mo ń bá sọ̀rọ̀ lẹ́yìnkùlé lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ omi kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́. Mo ní ẹ̀rọ omi ni. Ó ní tọmọ òun sàn, pé ó kéré tán ọmọ òun kì í bú pẹ́pẹ́yẹ. Nígbà tí mo sì rò ó dáadáa, ẹnu èébú yẹn ni mo wà tí mo fi rí wáyà tó já. Máa bá a sọ̀rọ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àwòrán. Mo mọ̀ pé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun lẹ máa ń pé jọ lókè ilé búrẹ́dì, ìwọ, nọ́ọ̀sì kan, awakọ̀ kan, àti ìyá àgbà tó ń kọ́ yín, tí ẹ ń fi èédú yàwòrán. Ẹni tó fi kọ̀ǹpútà olówó ńlá ṣiṣẹ́ látàárọ̀ ló tún ń fi èédú ra bébà nírọ̀lẹ́. Ó kọ́kọ́ rú mi lójú, ṣùgbọ́n mo ti kíyè sí i pé ohùn rẹ máa ń dùn ní Ọjọ́rú ju ọjọ́ yòókù lọ, ni mo bá panu mọ́. Fi aṣọ bo imú ṣá.

Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé èmi lò ń yà. O fi fọ́tò ránṣẹ́ sórí fóònù ìyá rẹ, láti gbọ̀ngàn tó jẹ́ ilé ìtẹ̀wé tẹ́lẹ̀, níbi tí ẹ gbé iṣẹ́ yín kọ́ fáráyé wò títí di ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlá oṣù yìí. Mo rí ara mi lára ògiri. Mo jókòó lẹ́bàá fèrèsé, mo ń fi òwú di apá awò ojú mi tó kán, síńgílẹ́ẹ̀tì tó ya léjìká ló wà lọ́rùn mi. Ìyá rẹ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ọdún mẹ́ta lòun ti ń bẹ̀ mí pé kí n ju síńgílẹ́ẹ̀tì náà nù, ó ti wá di ohun táwọn èèyàn ń wọ mọ́tò lọ wò.

Mi ò bínú. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fẹ fọ́tò náà tóbi, mo rí àmì pupa róbótó kan lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán náà. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe akọ̀wé ní ọ́fíìsì tó ń bójú tó ilé kíkọ́, èmi ni mo máa ń gbé agolo ọ̀dà tẹ̀lé ọ̀gá wa. Ilé tí a bá ti fi ọ̀dà pupa sàmì sí, kì í pé ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi ń wó o. Mo ti rí onílé tó ń sunkún níwájú irú àmì bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, sísá ló ń sá. Mo ka àwòrán tó wà lára ògiri, méjìlá ni, tèmi nìkan ló ní àmì. Mo ní àwọn alábòójútó ti wá, wọ́n ti yẹ gbogbo rẹ̀ wò, wọ́n ní kí wọ́n yọ ti bàbá yìí kúrò. Mo jókòó, mo kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ sí wọn, pé kí wọ́n má fi síńgílẹ́ẹ̀tì mi dá ọmọ mi lẹ́jọ́, pé ẹ̀bi tèmi ni, ohun tí ọmọ náà rí ló yà.

Lẹ́tà yẹn wà lápò mi lọ́jọ́ tí mo lọ gba àga. Kápẹ́ńtà wo ojú mi, ó bi mí pé ta ló kú. Mo fi fọ́tò hàn án. Àṣé ó ti ṣe férémù fáwọn ayàwòrán rí. Ó ní kí n fa lẹ́tà mi ya, pé ẹnì kan ti ra àwòrán náà ni, bí wọ́n ṣe ń sàmì sí i nìyẹn kí ẹlòmíràn má baà ná an mọ́, tó bá wá di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta tí wọ́n bá palẹ̀ mọ́, ẹni tó rà á á gbé e lọ sílé. Mo ní ta ló máa fowó ẹ̀ ra irú èmi. Ó ní bóyá dókítà ni, tó fẹ́ gbé mi kọ́ síbi táwọn aláìsàn ti ń dúró dè é, kí ẹni tí ẹ̀rù ń bà lè gbójú sókè, kó rí ẹni tí ẹ̀rù ń bà jù ú lọ. Ó rẹ́rìn-ín débi pé ìṣó bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Mo yan délé lọ́jọ́ náà bí ọ̀gá. Mo jókòó tán ni ẹ̀rù mìíràn dé, èyí kì í sì í ṣe irú tí ìyá rẹ lè fi mí rẹ́rìn-ín. Láti ìbẹ̀rẹ̀ lo ti ní kí n wá wo iṣẹ́ yín ní gbọ̀ngàn náà. Mo ní ọ̀nà jìn, mo ní orúnkún ń dùn mí, mo ní ta ló máa bá mi ṣọ́ ilẹ̀kùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe nígbà tí o ṣe eré orí ìtàgé ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí mo ní òjò fẹ́ rọ̀, tí òjò ò sì rọ̀. Lọ́jọ́ tí o gba ìwé ẹ̀rí, mo ti dé ìdajì ọ̀nà kí n tó ṣẹ́rí padà, torí mi ò mọ̀ bóyá mo pa sítóòfù. O ò ráhùn rí. Ìwọ wò mí títí o fi mọ ibi tí síńgílẹ́ẹ̀tì mi ti ya, èmi ò tíì fi ojú ara mi wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kan rí, àfi lójú fóònù tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Bó bá kọjá ọjọ́ Àbámẹ́ta, ẹni tí mi ò mọ̀ rí ni á máa rí i láràárọ̀, èmi tí o yà ò sì ní rí i mọ́.

Nítorí náà, mò ń bọ̀. Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, àlọ àti àbọ̀, kí o fi díẹ̀ lé e fún síńgílẹ́ẹ̀tì tuntun, torí ẹni tó ra àwòrán lè wà níbẹ̀, mi ò fẹ́ kó rò pé èyí tó wà lára ògiri nìkan ni mo ní. Má fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú o. Báńkì máa ń tì lọ́jọ́ yẹn, mi ò fẹ́ kí owó náà sùn síta. Bá mi bi àwọn tó ni gbọ̀ngàn bóyá wọ́n máa ń lé èèyàn tó bá pẹ́ jù níwájú àwòrán kan ṣoṣo, torí mo fẹ́ wò ó pẹ́.

Ọwọ́ rẹ tó ń kọ iṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà, tó tún ń mú èédú, kò ní gbọ̀n, kò ní rọ. Ohun tí o bá gbé kọ́, aráyé á dúró wò ó, àwa tí a bí ọ náà á sì wà láyé láti rí i. Èmi bàbá rẹ ni mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́.

Kápẹ́ńtà ní tí n bá gbéra lọ́jọ́ Ẹtì, ó ti tó. Kò mọ̀ pé táyà lè jò. Mo ti yọ ọjọ́ kan sílẹ̀ fún táyà, mo yọ ọ̀kan sílẹ̀ bóyá mo lè ṣìnà, mo sì ti bẹ ìyá rẹ pé bí mo bá ní kí n sún un síwájú, kó gbé báàgì mi síta kó tilẹ̀kùn mọ́ mi. Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù yìí, ọkọ̀ aago méje àárọ̀, ni mo máa gbéra.