Orúkọ Tí Mo Gbà Lọ́wọ́ Ọmọ Mi

Màdáàmù Safinaz, ẹ kú iṣẹ́ ètò orí rédíò yín o. Ní ogún ọdún sẹ́yìn, mo gba orúkọ ọmọ mi lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbà á sí ẹ̀kọ́ ìṣègùn ni àdúgbò wa ní ìlú Tanta ti ń pè é ní Dókítà, bí àṣà wa. Èmi bàbá rẹ̀ náà kò pè é ní nǹkan mìíràn mọ́.

Ní ọdún kẹta ẹ̀kọ́ rẹ̀, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn dá a dùbúlẹ̀. Kì í jẹun, kì í wẹ̀.

“Bàbá, ó ti rẹ̀ mí. Ẹ jẹ́ kí n sinmi fún ọdún kan.”

“Dókítà wo ló ń ṣàìsàn ìrònú? Dìde, jàre!”

Ìyá rẹ̀ ló mú un lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ọpọlọ. Ara rẹ̀ yá, ó fi ìṣègùn sílẹ̀, ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní àwòrán yíyà. Síbẹ̀, Dókítà ni mo ṣì ń pè é.

Lánàá, mo pè é lórí fóònù.

“Nihal, ọmọ mi.”

“Bàbá, ta ló kú?”

“Kò sẹ́ni tó kú. Ìwọ ni mo ń pè.”

“Ẹ tún un pè.”

Ẹ bá mi bi àwọn olùgbọ́ bóyá ó ti pẹ́ jù. Ẹ fi orúkọ tèmi pamọ́, ṣùgbọ́n ẹ pe tirẹ̀ sókè, torí ó máa ń gbọ́ yín: Nihal. Òun ló ni ín.