Orúkọ Mi Lórí Àwòrán Ìyá Ìjọ

Ojúlé Kẹrin, Ìdí-Ọ̀pẹ,
Apòmù,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
11 Oṣù Kọkànlá, 2024.

Ọlámijù, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé ara le n'Íbàdàn? Ọmọ tuntun ńkọ́? Ṣé bàbá rẹ̀ ń bá ọ gbé e kí o lè rí oorun sùn? Màmá mi ní kí n kí ọ. Ara tèmi náà le, inú nìkan ló ń bí mi.

O rántí Ìyá Ìjọ wa tó lọ sinmi lọ́dún tó kọjá. Ìgbìmọ̀ kàlẹ́ńdà ìjọ ní kí n ya àwòrán Màmá. Táblẹ́ẹ̀tì ìyàwòrán tí èmi àti ìwọ jọ rà ni mo so mọ́ kọ̀ǹpútà tí mo fi yà á. Mo kọ́kọ́ fi ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ gbé ojú Màmá kalẹ̀, mo wá fi ìlà dúdú tẹ̀ ẹ́ látorí gèlè dé ọrùn, mo sì kọ orúkọ mi sísàlẹ̀. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Àfi bí Bàbá Moses, alága ìgbìmọ̀, ṣe ní kí n yọ orúkọ mi kúrò, pé kọ̀ǹpútà ló yà á.

Ni mo bá kó ẹrù mi lọ sí ìpàdé wọn lọ́jọ́ Àìkú, mo ní kí wọ́n wá wo bí mo ṣe ń yà á. O ṣáà mọ̀ pé tí mo bá ń yà á, ọwọ́ mi á wà lórí táblẹ́ẹ̀tì dúdú yẹn, ojú mi á wà lójú kọ̀ǹpútà níbi tí ìlà náà ti ń jáde. Ọwọ́ mi ni gbogbo wọn tẹjú mọ́. Wọn ò rí ìlà kankan níbẹ̀, ni Bàbá Moses bá ń rẹ́rìn-ín pé bírò táblẹ́ẹ̀tì ọwọ́ mi ò tiẹ̀ ní yíǹkì. Ó dùn mí wọra. Wọ́n ní kí n lọ fi pẹ́ńsùlù tún un yà sórí káádíbọ́ọ̀dù bí mo bá fẹ́ kí orúkọ mi wà níbẹ̀. Mo ní mi ò tún nǹkan kan yà.

Ojú kọ̀ǹpútà ni Àǹtí Bọ́sẹ̀, ọmọ Ìyá Ìjọ, ń wò ní tiwọn. Wọ́n béèrè ẹni tó sọ fún mi pé ojú òsì Màmá máa ń kéré díẹ̀ bí ẹ̀rín bá ń bọ̀, torí kò hàn nínú fọ́tò tí ìgbìmọ̀ fún mi. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Láti kékeré ni mo ti ń wò ó látorí ìjókòó àwọn kúáyà. Mo yíjú sí Bàbá Moses.

"Ẹ má bínú, sà. Kọ̀ǹpútà ò mọ ẹ̀rín Màmá. Èmi ni mo mọ̀ ọ́n."

Bàbá Moses ní àwọn máa rò ó. Kí wọ́n rò ó dáadáa, torí mo ti gbé àwòrán mi lọ sílé. Bí orúkọ mi ò bá wọ kàlẹ́ńdà, àwòrán náà ò ní wọ̀ ọ́. Màmá mi ní kí n fi sílẹ̀, pé àgbà ni wọ́n. Mo kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà náà nígbà tí mo dé, mo tún kúnlẹ̀ nígbà tí mo ń lọ. Orúkọ mi nìkan ni mi ò fún wọn.

Bá mi kí bàbá ọmọ, kí o sì gbá ọmọ mọ́ra fún mi. Bí o bá gba Ìkirè kọjá nígbà tí o bá ń bọ̀, má gbàgbé dòdò mi, má sì jẹ ẹ́ tán lọ́nà.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ, tó kọ orúkọ rẹ̀ síbí gẹ́gẹ́ bó ṣe kọ ọ́ sọ́hùn-ún,
Kòfowórọlá.