Obìnrin Inú Fóònù Tó Ń Ka Èémí Mi

Òde Rẹ́mọ,
Ọjọ́rú.

Inúolúwa ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà ní Èkó? Màmá mi ń kí ẹ, ìyá rẹ náà ń kí ẹ. Èkó ò ní gbé ẹ mì, ẹni tó bá ń wá ìṣubú rẹ, bàtà rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ já. Èmi bàbá rẹ ṣì ń tàn bíi góòlù. Ní gbogbo Òde Rẹ́mọ, ta ló ń dá gbé apẹ̀rẹ̀ obì gbànja kún fọ́fọ́ bíi tèmi?

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru yẹn ni mo fẹ́ bá ẹ sọ. O mọ̀ pé Nọ́ọ̀sì Àtinúkẹ́ ní kí n máa fa èémí sínú díẹ̀díẹ̀ láti imú, kí n máa tú u jáde láti ẹnu, láàárọ̀ àti lálẹ́, fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ní tí ẹ̀jẹ̀ náà ò bá wálẹ̀, oògùn ló kàn, mi ò sì gbọdọ̀ gbé apẹ̀rẹ̀ mọ́. Èmi! Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógójì! Wọ́n á máa pè mí ní bàbá arúgbó lọ́jà. Ó tún ní kí n dín obì jíjẹ kù, ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í fura. Ẹni tó ní kí olóbì má jẹ obì, kí ló ń wá gan-an?

Ìwọ náà wá fi nǹkan róbótó tó ń wú, tó tún ń súnkì, sínú fóònù mi, obìnrin òyìnbó kan tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ á ní kí n fa èémí, kí n dì í mú. Kí n dì í mú de ta? Nígbà tó yá, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo ti mí ní ìgbà ọgọ́ta. Inúolúwa, wọn kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, èémí ni wọ́n wá ń kà fún mi? Dátà mi sì ń tán, mi ò pe ẹnì kankan. Mo ti fi gèlè ìyá rẹ di fóònù náà báyìí. Mò ń gbóhùn ẹ̀, kò lè rí mi.

Lọ́jọ́ Ajé, mo ṣe é ní ìsọ̀ iwájú ilé, Yúnúsà tó máa ń wá ra obì láti Sábó ní Ṣàgámù ń ná ọjà lọ́wọ́. Mo mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó wò mí. Mo mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ó ju obì sílẹ̀. Ó ní ọlọ́jà kì í mí kanlẹ̀ lásán, kòkòrò ti wọ obì mi nìyẹn. Mo ní oògùn ni. Ó ní oògùn wo ni ò léwé, tí ò ní hóró? Ló bá da apẹ̀rẹ̀ mẹ́fà sílẹ̀, ó ń yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò rí kòkòrò kankan. Màmá mi náà ń pariwo láti ẹ̀yìnkùlé pé ta ló kú tí wọn ò sọ fún òun.

Inú bí mi, mo ní kí Yúnúsà náà mí i wò. Ó mí lẹ́ẹ̀mẹwàá, ó ní àyà òun fúyẹ́, ó jókòó sórí àpò, ó sùn lọ. Nígbà tó jí, ó ní ṣe ni mo kun òun lóorun kí n lè pààrọ̀ obì. Ó tún yẹ̀ wọ́n wò látìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rà á o.

Èmi náà ń sùn dáadáa báyìí, àyà mi ò lù kìkì mọ́, ìyá rẹ ní mi ò jágbe mọ́ òun láti ọjọ́ Àìkú. Ìyá rẹ ń yìn mí! Ìyẹn gan-an ń fu mí lára.

Lónìí mo padà sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Ó so ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ mi lápá, ó ní ẹ̀jẹ̀ ti wálẹ̀, kí n máa bá a lọ. Mo ní ẹ̀rọ ń parọ́, kí ó kọ́kọ́ so ó mọ́ ara rẹ̀ kí n rí i. Ó rẹ́rìn-ín, ó so ó. Ẹ̀rín tán lẹ́nu ẹ̀. Tiẹ̀ ga ju èyí tí mo gbé wá lọ́jọ́ àkọ́kọ́! Ó ní òun nìkan ló wà lẹ́nu iṣẹ́ láti ìjẹta. Mo ní kí ó jókòó, kí ó dijú, mo ń sọ fún un, ẹ fà á, ẹ tú u jáde. Àwọn aláìsàn mẹ́rin tó wà lórí bẹ́ǹṣì bẹ̀rẹ̀ sí í bá wa mí. Láti ìgbà yẹn, Dókítà ni wọ́n ń pè mí.

Torí náà, fi owó irú ẹ̀rọ yẹn ránṣẹ́ kí n ra tèmi. Dókítà wo ni ò ní ẹ̀rọ? Ibi tí o bá dé, ilẹ̀kùn á ṣí kí o tó kàn án, àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Dókítà Ṣóbọ̀wálé.